Wàhálà Tó Ń Tẹ̀yìn Iṣẹ́ Abẹ Inú Yọ, àti Bí A Ṣe Ń Wọ̀n Ọ́n

Ẹ̀yin ọ̀gá mi, ẹ̀yin dókítà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ iṣẹ́ abẹ, ẹ̀yin nọ́ọ̀sì wọ́ọ̀dù àti ti tíátà, mo kí yín o. Ẹ̀yin òṣìṣẹ́ yàrá fáìlì, mo kí yín lọ́tọ̀. Mo mọ̀ pé wọn kì í sábà pè yín sí irú ìjókòó báyìí. Èmi ni mo ní kí wọ́n pè yín, ìdí rẹ̀ á sì hàn kí n tó jókòó.

Ìbéèrè kan wà tí àwọn aláìsàn máa ń bi wá ní alẹ́ tí ilẹ̀ ọjọ́ iṣẹ́ abẹ ó mọ́. Bí aláìsàn fúnra rẹ̀ kò bá bèèrè, ìyàwó rẹ̀ tàbí àkọ́bí rẹ̀ á dúró dè wá lẹ́nu ọ̀nà wọ́ọ̀dù: "Dókítà, ẹ jọ̀ọ́, kí ló lè tẹ̀yìn rẹ̀ yọ?" Ọ̀pọ̀ nínú wa a máa dáhùn pé kò ní sí wàhálà, Ọlọ́run á bá wa ṣe é. Àdúrà dára, èmi náà ń gbà á. Àmọ́ ohun tí wọ́n bèèrè ni pé nínú àwọn tí ẹ ti ṣe irú rẹ̀ fún, èèyàn mélòó ni nǹkan ṣe lẹ́yìn rẹ̀, kí ló ṣe wọ́n, báwo ló sì ṣe le tó? Ilé ìwòsàn tó lè ṣí ìwé kó fi dáhùn ìyẹn kò pọ̀.

Kì í ṣe ti wa nìkan. Ó pẹ́ tó jẹ́ pé ọ̀rọ̀ méjì péré ni àwọn oníṣẹ́ abẹ káàkiri ayé fi ń ṣe ìròyìn: wàhálà kékeré, wàhálà ńlá. Kékeré lójú ta ni? Ojú egbò tó gba ọyún, tí dókítà kan pè ní kékeré, dókítà kejì kà á sí ńlá torí ó dá aláìsàn dúró sí wọ́ọ̀dù fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ẹnì kẹta kò tilẹ̀ kọ ọ́ sílẹ̀. Bí àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá wá gbé èsì wọn jáde, ẹni tó ṣòótọ́ jù ni yóò dà bí ẹni tí kò mọ iṣẹ́.

Dókítà oníṣẹ́ abẹ kan wà ní Boston ní Amẹ́ríkà, Ernest Codman lorúkọ rẹ̀, tí ọ̀rọ̀ yìí ká lára ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún. Ó ní gbogbo aláìsàn tí wọ́n bá tọ́jú, kí ilé ìwòsàn wá a kàn lẹ́yìn rẹ̀, kí wọ́n wò ó bóyá ìtọ́jú náà ṣiṣẹ́. Bí kò bá ṣiṣẹ́, kí wọ́n sọ ìdí. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Massachusetts General Hospital kò fẹ́ gbọ́. Ó dá ilé ìwòsàn kékeré tirẹ̀ sílẹ̀ ní 1911, ó sì tẹ èsì rẹ̀ títí dé 1916 síta: aláìsàn 337, àṣìṣe 123. Òun fúnra rẹ̀ ló ka àṣìṣe ara rẹ̀, tó sì tẹ̀ ẹ́ sínú ìwé. Ní 1915 ó gbé àwòrán kan síwájú ìpàdé àwọn dókítà ìlú náà, níbi tó ti ya àwọn olówó ìlú bí ògòǹgò tó ri orí bọ inú iyanrìn, tó ń yé ẹyin wúrà fún àwọn dókítà tó ń jẹ lára rẹ̀. Inú bí wọn gan-an ni, ipò alága tó wà sì bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Mo fẹ́ràn ọkùnrin yìí, ṣùgbọ́n n kò ní gbà yín nímọ̀ràn pé kí ẹ ya ọ̀gá yín sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògòǹgò.

Ohun tí Codman kò ní ni òṣùwọ̀n tí gbogbo èèyàn lè jọ lò. Ìyẹn dé ní 1992, nígbà tí Pierre-Alain Clavien àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Toronto gbé ìlànà kan jáde, tí wọ́n fi iṣẹ́ abẹ òróòro dán an wò. Ní 2004, Daniel Dindo, Nicolas Demartines àti Clavien kan náà, tó ti wà ní Zurich ní orílẹ̀-èdè Switzerland nígbà yẹn, tún un ṣe. Wọ́n dán an wò lára aláìsàn 6,336, wọ́n sì fún oníṣẹ́ abẹ 144 láti ibùdó 10 ní àpẹẹrẹ kí wọ́n fi ìpele sí i, láti mọ̀ bóyá ohun kan náà ni gbogbo wọn yóò sọ. Òun là ń pè ní Clavien-Dindo títí dòní.

Gbogbo ọgbọ́n tó wà nínú rẹ̀ kò ju ẹyọ kan lọ. Ẹ má bèèrè orúkọ wàhálà náà, ẹ má sì bèèrè bó ṣe rí lójú yín. Ẹ bèèrè ohun tí ẹ ní láti ṣe kí ẹ tó kápá rẹ̀. Ohun tí a ṣe wà nínú ìwé oògùn, ó wà nínú ìwé tíátà, ó wà nínú ìwé nọ́ọ̀sì alẹ́. Ó ṣòro láti fi í pamọ́, ó sì ṣòro láti jiyàn lé e lórí.

Ẹ jẹ́ ká mú aláìsàn kan tí gbogbo wa mọ irú rẹ̀. Ọkùnrin ẹni ogójì ọdún, táífọ́ọ̀dù ti lu ìfun rẹ̀, wọ́n gbé e dé ní ọjọ́ kẹrin tí inú ti wú. A là á, a fọ inú rẹ̀, a rán ojú ihò náà, a dá a padà sí wọ́ọ̀dù. Látibí yìí, ohunkóhun tó bá yà kúrò lójú ọ̀nà tí ó yẹ kí ara rẹ̀ tọ̀, a ó kọ ọ́.

Bí ó bá ń bì ju bó ṣe yẹ lọ, tí a fún un ní oògùn èébì, tí a ṣe àtúnṣe iyọ̀ ara rẹ̀ pẹ̀lú dírípù, ìpele kìíní nìyẹn. Oògùn ìrora, oògùn tí ń mú ibà wálẹ̀, oògùn tí ń mú kí èèyàn tọ̀, àti iṣẹ́ àwọn fisioterapísìtì, gbogbo wọn ò kọjá ìpele kìíní. Bí a bá ní láti fún un ní oògùn mìíràn tó yàtọ̀ sí ìwọ̀nyí, bí áńtíbáyọ́tíìkì fún àrùn tó wọ ẹ̀dọ̀fóró, tàbí tí a fa ẹ̀jẹ̀ sí i lára, tàbí tí a ń gba ojú iṣan bọ́ ọ, ìpele kejì. Ìpele kẹta bẹ̀rẹ̀ níbi tí ọwọ́ èèyàn ti tún ní láti wọlé: bí wọ́n bá fi abẹ́rẹ́ àti ọ̀pá fa ọyún inú ikùn jáde nígbà tí ojú rẹ̀ ṣì dá, III-a, bí wọ́n bá fún un ní oògùn akunlóorun kí wọ́n tún tó là á, III-b. Ìpele kẹrin ni èyí tó fi ẹ̀mí rẹ̀ sínú ewu tó fi nílò ìtọ́jú ICU, yàrá tí a ti ń ṣọ́ àwọn tí àìsàn wọn le gan-an: bí ẹ̀yà ara kan ṣoṣo bá dáṣẹ́ sílẹ̀, ká sọ pé kíndìnrín, IV-a, bí ó bá ju ẹyọ kan lọ, IV-b. Ìkarùn-ún ni ikú. Bí ó bá ṣẹlẹ̀ pé ó ń lọ sílé tí àbùkù kan ṣì wà lára rẹ̀, lẹ́tà "d" kékeré la ó fi sẹ́yìn ìpele náà.

Ẹ wá wo ojú egbò tí a fi bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀. Ọyún wà nínú rẹ̀. Bí a bá tú okùn méjì lórí bẹ́ẹ̀dì tí a jẹ́ kí ó jáde, ìpele kìíní ni, ó sì máa ń ya àwọn dókítà tuntun lẹ́nu. Bí a bá fi áńtíbáyọ́tíìkì tì í lẹ́yìn, ó ti di ìkejì. Bí ó bá jinlẹ̀ débi pé a gbé e wọ tíátà tí a sì kùn ún lóorun, ó di III-b. Egbò kan náà, ọyún kan náà, ìpele mẹ́ta. Ẹ fi èyí sọ́kàn, torí òun ni mo máa fi bá òṣùwọ̀n náà jà tó bá yá.

Nǹkan méjì wà tí kì í ṣe wàhálà, tí mo sì ń rí nínú fáìlì wa bí ẹni pé ó jẹ́ ọ̀kan. Bí a bá mọ̀ọ́mọ̀ gbé ẹnu ìfun síta sára ikùn kí ìgbẹ́ lè máa gba ibẹ̀ jáde, kò yà kúrò lójú ọ̀nà. Òun gan-an ni ọ̀nà tí a yàn. Bẹ́ẹ̀ náà ni bí a bá ṣí inú tí a rí i pé kókó jẹjẹrẹ náà kò ṣe é yọ tán. Iṣẹ́ abẹ náà kò wo àrùn sàn, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ààyè ọ̀tọ̀ la ń kọ ìyẹn sí.

Àwọn ẹ̀yà ara kan tún ní òṣùwọ̀n tiwọn. Ní 2010 wọ́n fẹnu kò lórí bí a ó ṣe máa pín jíjò ojú ibi tí a ti rán ìfun ìsàlẹ̀ pọ̀: A ni èyí tí kò yí ìtọ́jú padà, B ni èyí tó gba ìtọ́jú ṣùgbọ́n tí a kò tún là, C ni èyí tó dá wa padà sí tíátà. Àwọn oníṣẹ́ abẹ pancreas, ẹ̀yà ara inú ikùn tó ń pèsè oje tí ń da oúnjẹ, ti ṣe irú rẹ̀ ní 2005, wọ́n tún un gbé yẹ̀ wò ní 2016, wọ́n sì yọ A tiwọn kúrò nínú ohun tó ń jẹ́ wàhálà pátápátá, torí pé èsì yàrá àyẹ̀wò lásán ni, kò ṣe aláìsàn ní nǹkan kan. Ìyẹn gbọ́n lójú mi.

Àléébù kan wà tí àwọn ará Zurich fúnra wọn rí. Bí aláìsàn bá ní wàhálà mẹ́rin, èyí tó ga jù nìkan ni a máa ń sọ jáde, mẹ́ta yòókù á bá a rì. Ní 2013 wọ́n gbé òǹkà kan jáde tó bẹ̀rẹ̀ láti 0 dé 100, tí gbogbo wàhálà ń wọ inú rẹ̀. Ẹyọ ìpele kìíní kan jẹ́ 8.7, ìkejì 20.9, III-a 26.2, III-b 33.7, IV-a 42.4, IV-b 46.2, ikú sì jẹ́ 100. A kì í kàn rò wọ́n pọ̀ bí owó ọjà o. Ẹni tó ní ìpele kejì kan àti III-b kan, 39.7 ni tirẹ̀, kì í ṣe 54.6, torí pé ìyà kejì kò wá bá ara tí kò tíì jìyà. Ohun tó dùn mọ́ mi nínú iṣẹ́ náà ni pé wọn kò fi ìwọ̀n náà sọ́wọ́ dókítà nìkan. Wọ́n bèèrè lọ́wọ́ àwọn aláìsàn bí ọ̀kọ̀ọ̀kan ṣe wúwo tó lójú tiwọn.

Ẹ jẹ́ ká wálé wàyí.

Ní 2018, ìwádìí kan jáde tí ilé ìwòsàn 247 ní orílẹ̀-èdè 25 ní Áfíríkà kópa nínú rẹ̀, Nàìjíríà sì wà níbẹ̀. Wọ́n ka aláìsàn 11,422 tí wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún lóríṣiríṣi. Nínú 100, ó lé ní 18 tí wàhálà bá. Àwọn tó kú jẹ́ 2.1 nínú 100, ìlọ́po méjì ti gbogbo ayé, bẹ́ẹ̀ àwọn aláìsàn wa kéré lọ́jọ́ orí ju ti ibòmíràn lọ, ara wọn sì le jù kí wọ́n tó wọ tíátà. Èyí tí mo fẹ́ kí ẹ gbé lọ sílé ni pé nínú 100 tó kú, 94 ló kú lẹ́yìn ọjọ́ iṣẹ́ abẹ. Wọn kò kú sórí tábìlì. Wọ́ọ̀dù ni wọ́n kú sí, lẹ́yìn tí oníṣẹ́ abẹ ti fọwọ́, tó ti jẹun, tó ti gbàgbé.

Ẹ fi ìyẹn ti ohun tí àwọn olùwádìí mẹ́ta, Ghaferi, Birkmeyer àti Dimick, rí ní Amẹ́ríkà ní 2009. Wọ́n kó ilé ìwòsàn jọ gẹ́gẹ́ bí iye tó ń kú níbẹ̀. Níbi tí ikú ti kéré jù, wàhálà bá 24.6 nínú 100. Níbi tí ikú ti pọ̀ jù, 26.9. Ìyàtọ̀ rẹ̀ kò tó nǹkan. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n ka àwọn tí wàhálà ńlá bá nìkan, 12.5 nínú 100 ló kú níbi tí ikú ti kéré, 21.4 ló kú níbi tó ti pọ̀. Wàhálà ń bá gbogbo wọn, ẹni tó tètè rí i tó sì dìde sí i ni ti tirẹ̀ ń yè. Ẹ̀yin nọ́ọ̀sì alẹ́, ẹ̀yin ni mò ń bá wí, torí ẹ̀yin lẹ kọ́kọ́ ń rí i pé àyà aláìsàn ti ń lù kìkì láti aago méjì òru.

Ìwádìí mìíràn ní 2018 kan náà wo iṣẹ́ abẹ inú nìkan: aláìsàn 12,539, orílẹ̀-èdè 66. Kí oṣù kan tó pé, ojú egbò gba àrùn lára 9.4 nínú 100 ní àwọn orílẹ̀-èdè tó rí jájẹ, 14.0 ní àwọn tó wà láàárín, 23.2 ní àwọn tó wà nísàlẹ̀. Nígbà tí wọ́n sì ti mọ iye rẹ̀, wọ́n lè gbìyànjú láti dín in kù. Orílẹ̀-èdè méje, tí Nàìjíríà àti Benin wà lára wọn, dán ohun kan tó rọrùn wò, èsì rẹ̀ sì jáde ní 2022: kí gbogbo àwọn tó wà nídìí abẹ pààrọ̀ ìbọ̀wọ́, kí wọ́n sì lo irinṣẹ́ tuntun, kí wọ́n tó pa ikùn dé. Àwọn tí ojú egbò wọn gba àrùn, 18.9 nínú 100, di 16.0. Ìbọ̀wọ́ lásán! Ẹni tí kò kà á tẹ́lẹ̀ kò ní mọ̀ pé ohunkóhun dín kù.

Ó wá kù mí ku ìjà tí mo ní pẹ̀lú òṣùwọ̀n yìí. Ó ń wọn ohun tí a ṣe. Ní Zurich, ohun tó yẹ ní ṣíṣe àti ohun tí wọ́n ṣe kò jìnnà síra. Ní ọ̀dọ̀ tiwa ńkọ́? Ẹ padà sí ọkùnrin wa. Ní ọjọ́ karùn-ún, ojú ibi tí a rán jò. Gbogbo wa mọ̀ pé tíátà ló kàn. Ẹbí ṣì ń wá owó, ẹ̀jẹ̀ tó bá tirẹ̀ mu kò sí nílẹ̀, iná tún lọ. A yí áńtíbáyọ́tíìkì padà, a ń retí. Lójú ìwé, ìpele kejì ni. Lọ́jọ́ kẹjọ ó kú, ìpele karùn-ún. Kò gba ìkẹta kọjá, kò gba ìkẹrin kọjá. Ẹni tó bá jókòó sí ọ̀nà jíjìn tó ń ka ìwé wa á sọ pé àwọn wọ̀nyí kì í fi bẹ́ẹ̀ ní wàhálà tó le, pé tiwọn kàn máa ń kú ní òjijì ni. Irọ́ ni, ṣùgbọ́n àwa la fi bírò wa kọ ọ́.

Nítorí náà, ohun tí mo ń bẹ̀ yín fún ni ìlà méjì dípò ẹyọ kan. Ìlà àkọ́kọ́: ìpele ohun tí a ṣe, bí ìlànà ṣe wí, kí ìwé tiwa lè bá ti ayé mu. Ìlà kejì: ìpele ohun tó yẹ ká ṣe, àti ohun tó dí wa lọ́wọ́. Owó, ẹ̀jẹ̀, bẹ́ẹ̀dì ICU, iná, dókítà akunlóorun tí kò sí ní àrọ́wọ́tó. Ọ̀rọ̀ kan tó o. Lẹ́yìn ọdún kan, kí ẹ ka ibi tí ìlà méjèèjì ti yàtọ̀. Ìwé ìbéèrè fún owó tí ẹ ó gbé síwájú ìjọba ti wà níbẹ̀ láìjẹ́ pé ẹ kọ lẹ́tà.

Ní ti ìpele kẹrin, ẹ má tilẹ̀ dúró de ìlà kejì. Ohun tí ìlànà náà sọ ni wàhálà tó *nílò* ìtọ́jú ICU. Kò ní kí aláìsàn ti dé ibẹ̀. Bí kíndìnrín bá ti dáṣẹ́ sílẹ̀, IV-a ni, ì báà jẹ́ abẹ́ fèrèsé wọ́ọ̀dù ni bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ wà.

Ẹ̀yin ará yàrá fáìlì, ó kàn yín. Ojú egbò kì í sábà gba ọyún nígbà tí aláìsàn ṣì wà lọ́dọ̀ wa, torí àwọn èèyàn wa a máa tètè lọ sílé kí owó bẹ́ẹ̀dì má baà pọ̀. Ilé ló ti ń ṣẹlẹ̀. Wọ́n á lọ sí kẹ́mísì, wọ́n á pe nọ́ọ̀sì àdúgbò, ọ̀pọ̀ kò ní padà sọ́dọ̀ wa. Ọgbọ̀n ọjọ́ la fi ń ka wàhálà, tí a bá sì ti pa fáìlì dé lọ́jọ́ keje, ọjọ́ mẹ́tàlélógún la sọ nù. Ẹ gba nọ́ńbà fóònù mẹ́ta kí wọ́n tó lọ: ti aláìsàn, ti ẹni tó ń tọ́jú rẹ̀, ti aládùúgbò. Lọ́jọ́ ọgbọ̀n, ẹ pè wọ́n.

Tí ẹ bá sì pè, ẹ má ṣe bèèrè pé "Ṣé ara le?" Ẹ̀yin náà mọ ìdáhùn rẹ̀: "A dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run." Ẹni tí ọyún ń dà lára rẹ̀ á sọ bẹ́ẹ̀, torí ọmọlúàbí kì í fi àìsàn kí èèyàn lórí fóònù. Ẹ bi wọ́n pé: ṣé nǹkan kan ń jáde lójú egbò náà? Àwọ̀ wo ni? Ṣé ó ń rùn? Ṣé ẹnikẹ́ni tún un tú? Oògùn wo lẹ rà láti ìgbà tí ẹ ti lọ, ta ló kọ ọ́ fún yín? Ṣé ẹ sun ilé ìwòsàn mìíràn? Ẹni tó mọ èdè àwọn èèyàn náà ni kó pè, kí ó kí wọn dáadáa kó tó bèèrè.

Kí n tó sọ̀kalẹ̀, ìwé ìbéèrè méjì ló wà lọ́wọ́ mi. Nọ́ọ̀sì kan béèrè pé tí òun bá kọ wàhálà sílẹ̀, ṣé wọn kò ní fi mú òun? Ó lè ṣẹlẹ̀, mi ò ní purọ́ fún yín. Ìdí nìyí tó fi yẹ kí ọ̀gá wọ́ọ̀dù fọwọ́ sí i pé ìwé yìí kì í ṣe ìwé ẹ̀sùn, kí orúkọ òṣìṣẹ́ má sì sí lórí rẹ̀ rárá. Mo ti bá àwọn ọ̀gá tó wà níwájú yìí sọ ọ́, wọ́n sì ti gbà níṣojú yín.

Dókítà kan béèrè pé ní ọ̀dọ̀ tiwọn, gbogbo ẹni tí wọ́n bá là ló ń gba áńtíbáyọ́tíìkì fún ọjọ́ márùn-ún, yálà wàhálà wà tàbí kò sí. Ṣé gbogbo wọn ti wà ní ìpele kejì nìyẹn? Rárá o. Oògùn tí ẹ ń fún gbogbo èèyàn kò ka ẹnikẹ́ni sí ìpele kankan. Ìgbà tí ẹ bá fi ọjọ́ kún un tàbí tí ẹ pààrọ̀ rẹ̀ torí pé ẹ rí ọyún ni ìpele kejì bẹ̀rẹ̀. Kí ló dé tí gbogbo wọn fi ń gbà á fún ọjọ́ márùn-ún, ìyẹn jẹ́ àsọyé ọjọ́ mìíràn, ẹ ó sì san owó fún un.